FGF-2 ènìyàn tí a rà fún ìwádìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: níbo la ti ṣàṣìṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́ẹ̀lì béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi wò ó dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni iṣẹ́ oyè ìjìnlẹ̀ mi dúró lé.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti ọpọlọ ènìyàn ni mo ń tọ́jú. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ àwo. Ńṣe ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ bí ìdì róbótó tí ń léfòó nínú omi oúnjẹ wọn. Kí wọ́n lè máa pọ̀ sí i láìyí padà di sẹ́ẹ̀lì mìíràn, prótéènì òjíṣẹ́ méjì ni mo máa ń fi sínú omi náà, EGF ní 20 ng/mL àti FGF-2 ní 20 ng/mL. Prótéènì ènìyàn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n inú bakitéríà E. coli tí wọ́n fi jíìnì ènìyàn sí ni wọ́n ti mú wọn jáde.

FGF-2 náà dé bí lẹ́búlẹ́bú funfun tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ní ìsàlẹ̀ ìgò kékeré, 50 µg péré. Kí ìṣirò lè rọrùn fún mi, mo po gbogbo rẹ̀ mọ́ 50 mL omi iyọ̀ PBS, ó sì di 1 µg/mL. Mo pín in sínú túùbù ike márùn-ún, 10 mL nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kó wọn sínú fìríìjì ní 4°C. Bí mo bá fẹ́ po 10 mL omi oúnjẹ, 200 µL ni mo máa ń fà nínú túùbù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gbé omi oúnjẹ tí mo ti pò sínú ọpọ́n omi 37°C kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì ń pààrọ̀ omi àwọn sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì, ohun gbogbo ń lọ geerege: àwọn ìdì náà yí róbótó, etí wọn sì ń dán. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ àwo, nígbà tí mo sì wò wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù mo rí i pé wọ́n ti ń yọ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ jáde bí irúgbìn tí ń ta gbòǹgbò. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ipò sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sílẹ̀. Mo ti pààrọ̀ EGF, mo sì ti yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì wò fún mycoplasma, bakitéríà kékeré tí ó máa ń yọ́ wọ inú àwo sẹ́ẹ̀lì, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi gbà pé ọjà tí kò dára ni ilé iṣẹ́ tí a rà á lọ́wọ́ tà fún wa, ó sì ní kí n kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí wọn. Kí n tó kọ ọ́, ṣé ẹnì kan ti rí irú èyí rí?


Àgbà Láàbù fèsì pé:

Ẹ kú wàhálà o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kọ lẹ́tà náà. Láti inú ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ròyìn, mo rí i pé prótéènì yìí ti lè ṣòfò lójú ọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì yín, kò sì sí ọwọ́ olùtajà nínú ọ̀kankan.

Èyí tí ó wúwo jù lójú mi ni pé ẹ bomi là á jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bFGF ni wọ́n ń pe prótéènì yìí, lẹ́tà b yẹn (basic) sì ń sọ fún wa pé ó jẹ́ irú èyí tí ó gbé àmì iná pósítíìfù púpọ̀ lára. Prótéènì tí ó rí báyìí fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì àti ara ike. Bí ẹ bá ní 100 µg nínú mílílítà kan, ìwọ̀nba tí ara túùbù gbà kò ní hàn sí yín rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 1 µg péré ni ó wà níbẹ̀, tí túùbù náà sì ń dúró nínú fìríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a jẹ́ pé ara túùbù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, omi lásán ni pípẹ́ẹ̀tì yín sì ń fà jáde. Nítorí èyí ni a fi máa ń po prótéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní álúbúmìn mọ́ ọn ní 0.1%, ìyẹn 1 mg/mL. Ẹ wo ìṣirò náà: ní ìwọ̀n tí ẹ̀yin lò, álúbúmìn á fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan pọ̀ ju FGF-2 lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ gba gbogbo àyè tí ó wà lára ike, FGF-2 á sì wà nínú omi níbi tí a ti fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ooru. Bí FGF-2 bá dá wà nínú omi ní 37°C, kì í pé ọjọ́ kan kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ tó lọ. Ẹlòmíràn lè béèrè pé báwo ni ó ṣe wá ń ṣiṣẹ́ nínú ara ènìyàn tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nínú ara, kì í dá wà. Ṣúgà ẹlẹ́wọ̀n gígùn kan tí wọ́n ń pè ní heparan sulfate, tí ó bo ara sẹ́ẹ̀lì àti àlàfo tí ó wà láàárín wọn, ni ó máa ń dì í mú tí kì í fi í tú, ṣúgà yìí kan náà ni ó sì ń bá a di ríséptọ̀ rẹ̀ (prótéènì ara sẹ́ẹ̀lì tí ń gba iṣẹ́ tí ó ń jẹ́) mú kí iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́ lè wọlé. Nínú àwo wa, a lè fi heparin, tí ó jẹ́ ìbátan ṣúgà náà, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. 2 µg/mL ni àwọn tí ń tọ́jú irú sẹ́ẹ̀lì yín sábà máa ń lò. Ẹ kò mẹ́nu kàn án nínú àlàyé yín, mo sì gbà pé ẹ kì í fi sí i.

EGF kò rí bẹ́ẹ̀. Amino asid 53 péré ni ó ní, ìdè imí ọjọ́ mẹ́ta sì so ó pọ̀ pinpin, ooru kì í tètè tú u. Mo sọ èyí nítorí pé ó ṣàlàyé ohun tí ẹ rí: FGF-2 ti lọ tán, EGF ṣì wà, nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì yín kò kú lójijì, ńṣe ni wọ́n ń rọra yí padà.

Àwọn tí ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ó lè di irúfẹ́ sẹ́ẹ̀lì gbogbo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Omi oúnjẹ E8 tí ẹgbẹ́ olùwádìí James Thomson gbé jáde ní 2011 kò ní ju èròjà mẹ́jọ lọ, FGF-2 sì wà nínú rẹ̀ ní 100 ng/mL, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Lára ohun tí ó mú kí ìwọ̀n náà ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀yin wá ń lo 20 ng/mL, ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú omi gbígbóná, ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ̀ẹ̀kẹta kò gba àlàyé gígùn. FGF-2 ní amino asid cysteine mẹ́rin, àwọn kan nínú wọn sì wà ní ìta ara rẹ̀. Bí ó bá ń pẹ́ nínú omi, ọ́síjìn á mú kí prótéènì kan so mọ́ èkejì, wọ́n á sì di ìdìpọ̀ tí ríséptọ̀ kò lè lò.

Bí ẹ bá ra òmíràn, kí ẹ tó ṣí ìgò náà, ẹ fi ẹ̀rọ sẹ́ńtífúùjì yí i fún ìgbà díẹ̀, torí pé lẹ́búlẹ́bú náà lè wà lára ìdérí, ẹ ó sì dà á nù láìmọ̀. Ẹ fi 500 µL bọ́fà tí ó ní álúbúmìn 0.1% pò ó, kí ó di 100 µg/mL. Ẹ má gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ má sì fi ẹ̀rọ vortex rò ó. Ẹ rọra yí ìgò náà lọ́wọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ yòrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín in ní 20 µL-20 µL sínú túùbù kéékèèké tí kì í tètè gba prótéènì mọ́ra, kí ẹ sì kó wọn sínú fírísà −80°C. Túùbù tí ẹ bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a padà sínú fírísà mọ́. Bí −20°C nìkan ni ẹ ní, ẹ ṣọ́ra fún irú fírísà tí ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé bí ó ti ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ ni ooru ń kan prótéènì yín tí ẹ kò mọ̀. Ní báyìí, 2 µL péré ni ẹ ó máa fi sínú 10 mL láti ní 20 ng/mL. Ìwọ̀nba omi oúnjẹ tí ẹ fẹ́ lò ní ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ́, kí FGF-2 sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ ó fi sí i.


Olùwádìí Prótéènì fèsì pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà Láàbù sọ nípa ìpamọ́, àmọ́ mi ò fẹ́ kí a tètè dá olùtajà láre bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí tí ó bá ìgò náà wá, kí ẹ ka ohun méjì nínú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ED50, ìyẹn ìwọ̀n prótéènì tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ìdánwò ṣe ìdajì ohun tí ó lè ṣe. Fún FGF-2, sẹ́ẹ̀lì 3T3 ti eku ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà ED50 ní ng/mL pín 1,000,000, ẹ ó rí iye ẹyọ agbára tí ó wà nínú 1 mg: ED50 tí ó jẹ́ 1 ng/mL fún wa ní mílíọ̀nù kan, èyí tí ó jẹ́ 0.5 ng/mL sì fún wa ní mílíọ̀nù méjì. Ìgò méjì lè gbé 50 µg lára bákan náà, kí agbára ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Ohun tí òṣùwọ̀n wọ̀n ni µg. Sẹ́ẹ̀lì kò mọ òṣùwọ̀n, prótéènì tí ó ká dáadáa tí ó sì wọ ríséptọ̀ rẹ̀ ni ó mọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ṣì ń kọ ng/mL nìkan, láìsọ ẹyọ agbára àti láìsọ nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ti mú ọjà náà jáde, tí ẹni tí ó fẹ́ tún ìdánwò wọn ṣe á wá máa táràrà.

Ohun kejì ni endotoxin. Ara awọ òde E. coli ni májèlé yìí ti ń wá, bí wọn kò bá sì fọ prótéènì náà mọ́ dáadáa, á bá a wá sínú àwo yín. Ẹ máa rí nǹkan bí “kò tó 0.1 EU/µg” tàbí “kò tó 1 EU/µg” (EU ni ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn endotoxin). Fún sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò ara, ìyàtọ̀ yìí tóbi gan-an, nítorí pé májèlé náà fúnra rẹ̀ ń rán iṣẹ́ sí wọn, ẹ ó sì rò pé prótéènì yín ni ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀ràn tiyín, mi ò rò pé òun ni ó fa èyí.

Ẹnì kan lè sọ pé E. coli kò lè so ṣúgà mọ́ prótéènì bí ti ènìyàn. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń mú erythropoietin (prótéènì tí ń mú kí ara pèsè sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa) jáde nínú sẹ́ẹ̀lì CHO tí ó ti ara ẹranko wá. FGF-2 kò nílò irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí náà orísun rẹ̀ kò ní àbùkù.

Ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé irú tí wọ́n ti po mọ́ álúbúmìn ni ẹ rà, àbí irú tí kò ní in? Pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí lẹ́búlẹ́bú náà mú kí n fura sí ìkejì.


Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́ẹ̀lì fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti lọ gbé ìwé náà. Irú tí kò ní álúbúmìn ni, ED50 rẹ̀ kò tó 1 ng/mL, endotoxin rẹ̀ kò sì tó 0.1 EU/µg. Ojú tì mí láti sọ pé ní ẹ̀yìn ìwé náà gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kí a má ṣe pò ó kí ó dín sí 100 µg/mL, kí a sì fi álúbúmìn sí i bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Mo ti ka iwájú ìwé náà, n kò ka ẹ̀yìn rẹ̀. Heparin náà, n kò lò ó rí.

Mo ti béèrè fún ìgò tuntun. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ dájú pé túùbù àtijọ́ ni ó kú, kì í ṣe pé mo ń gbà á gbọ́ lásán. Bí mo bá fi àwọn ìdì róbótó dán an wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn ni yóò gbà mí. Ṣé ọ̀nà tí ó yá wà? Ẹnì kan nínú yàrá ìwádìí wa ní kí n fi ELISA wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìdánwò tí ń fi antibody (prótéènì tí ń dá ohun kan pàtó mọ̀) wọn iye prótéènì.


Ìyá Sẹ́ẹ̀lì fèsì pé:

Ẹ kú ìforítì. ELISA kọ́ ni ó máa dá yín lóhùn lórí èyí. Apá kékeré kan lára prótéènì ni àwọn antibody inú rẹ̀ ń dá mọ̀, apá yẹn sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí prótéènì náà ti tú tí kò sì lè jẹ́ iṣẹ́ kankan mọ́. Bí ELISA bá sọ pé kò sí nǹkan nínú omi, ó lè jẹ́ pé ara ike ni ó lẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì sọ pé ó wà, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi sẹ́ẹ̀lì léèrè. Tí FGF-2 bá ti kan ríséptọ̀ rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n á ti so fọ́sífétì mọ́ prótéènì ERK tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àmì pé iṣẹ́ náà ti wọlé. Ẹ kó sẹ́ẹ̀lì 3T3 sínú àwo oníhò mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ sẹ́rọ́ọ̀mù kúrò nínú oúnjẹ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, kí ERK lè sinmi. Ẹ wá fi 1, 5 àti 20 ng/mL ti tuntun sí ihò mẹ́ta, 20 ng/mL ti àtijọ́ sí ìkẹrin, bọ́fà tí ó ní álúbúmìn nìkan sí ìkarùn-ún. Ihò kẹfà ni ẹ ó ti kọ́kọ́ fi PD173074, tí ó máa ń dí ríséptọ̀ FGF, kí ẹ tó fi 20 ng/mL tuntun sí i. Bí àmì bá ṣì yọ níbẹ̀, á jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó ń rán iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da omi náà nù kíá, ẹ gbé àwo sórí yìnyín, ẹ fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú bọ́fà tí ó ní èròjà tí kì í jẹ́ kí fọ́sífétì já kúrò, kí ẹ sì fi western blot (ìdánwò tí ń fi ìlà dúdú hàn níbi tí prótéènì tí a ń wá bá wà) wo ERK tí ó ní fọ́sífétì àti àpapọ̀ ERK.

Ẹ má fi ojú kékeré wo ihò karùn-ún. Ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń pààrọ̀ omi, tàbí òtútù omi tuntun, tó láti jí ERK sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ihò yẹn kò lè mọ ìyàtọ̀.

Mo fẹ́ràn sẹ́ẹ̀lì 3T3 fún iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé ó rọrùn nìkan. Irú sẹ́ẹ̀lì yìí náà ni Denis Gospodarowicz lò ní 1974, nígbà tí ó ń tọpa ohun kan nínú ẹṣẹ́ pituitary màlúù tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Láti ìgbà yẹn títí di òní, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ṣe ni ẹ̀rí tí a fi ń mọ̀ pé prótéènì yìí wà.


Akẹ́kọ̀ọ́ Sẹ́ẹ̀lì fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣe é, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Níbi ihò 1 ng/mL ti FGF-2 tuntun, ìlà ERK tí ó ní fọ́sífétì yọ dúdú kedere, ti 5 àti 20 tún dúdú jù ú lọ. Níbi 20 ng/mL ti àtijọ́, ìlà náà rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí òjìji, díẹ̀ ni ó fi ju ti ihò tí kò ní nǹkan kan lọ. Ihò tí ó ní PD173074 kò fi ohunkóhun hàn. Àpapọ̀ ERK dọ́gba nínú gbogbo wọn. Mo gbé àwòrán náà lọ fún ọ̀gá mi, ó wò ó títí, ó sì ní kí n pa lẹ́tà ẹ̀sùn náà rẹ́.

Mo ti pín ìgò tuntun náà sí túùbù kéékèèké bí Àgbà Láàbù ṣe sọ, mo ti ń fi heparin sí i, mo sì ń pààrọ̀ oúnjẹ ní ọjọ́ méjì-méjì. Ọjọ́ kẹwàá nìyí tí àwọn ìdì ti ń léfòó, kò sí ọ̀kan tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ó kù. Àbájáde ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣì rí dáadáa lójú, ṣé mo lè fi wọ́n sínú iṣẹ́ mi?


Ìyá Sẹ́ẹ̀lì fèsì pé:

Inú mi dùn sí ìlà dúdú yẹn o. Ṣùgbọ́n ẹ má lo àbájáde ọ̀sẹ̀ méjèèjì náà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti pò ó ní 1 µg/mL ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ike, nítorí náà ìwọ̀n tí sẹ́ẹ̀lì rí ní ọjọ́ kejì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rí ní ọjọ́ kẹwàá, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ iye tí ó jẹ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ “20 ng/mL” sínú ìwé yín fún ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni ẹ kọ. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò tuntun, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìpele rẹ̀, ED50 rẹ̀, ìwọ̀n heparin, àti iye wákàtí tí ó wà láàárín ìpààrọ̀ oúnjẹ kan sí èkejì. Bí ẹ bá sì tún ra ìgò mìíràn lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìdánwò ERK yìí gbé òun àti èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ tó fún àwọn ìdì náà.